Afárá wa wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sí lórí odò. Kí ni ká béèrè lọ́wọ́ aṣòfin wa?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ náà sì ń fẹ́ kíákíá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan, CDA bí a ṣe ń pè é, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. N ò ní dárúkọ àdúgbò, n ò sì ní dárúkọ ẹkùn ìdìbò wa. Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe rí.

Odò kan pín wa sí méjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, à ń fẹsẹ̀ là á kọjá. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ọlọ́kadà ò ní gbà, àwọn ọmọ iléèwé á wá máa rìn yípo gba etí títì márosẹ̀ níbi tí tírélà ti ń sáré. Àwa lánlọ́ọ̀dù dáwó, a ra pákó, a tẹ́ ẹ síbẹ̀. Omi gbé e lọ.

Aṣòfin tó ń ṣojú wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta, ń bọ̀ wá bá wa ṣèpàdé ní ìparí oṣù yìí. Ní ìpàdé èṣí, ó ní òun ti gbé àbá kalẹ̀ nílé, ilé ti fọwọ́ sí i, afárá sì ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. A pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà fún un. Ọdún ti yípo, a ò rí ẹni tó gbé ṣọ́bìrì dé etí odò yẹn.

Ẹgbẹ́ wa ti wá dàrú. Alága ní ọkùnrin náà ti ná owó afárá. Igbákejì rẹ̀ ní gómìnà ni kò fowó sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kó páálí jáde. Bàbá kan tún ní ká sọ fún un kó ṣòfin tuntun tí yóò ká àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ kò, torí wọ́n ń gbowó ìpìlẹ̀, wọ́n ń gbowó dẹ́kìn, wọ́n ń gbowó òrùlé, wọ́n tún wá ń gbowó géètì.

Ẹ bá mi dá sí i: kí gan-an ni iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì? Kí la sì lè bi í tí kò fi ní fẹnu dùn-ún-dùn-ún yẹ̀ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀

Kí lẹ tún ń béèrè? Owó ti wọ àpò. Ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ kó páálí, kí wọ́n sì máa fi fóònù ká a sílẹ̀. Tí kò bá dá yín lóhùn, ẹ pè é padà wálé, òfin gbà á.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀, ẹ rọra. Iṣẹ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ní Ògùn, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè yín ni, ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kan náà ló ń darí gbogbo wa.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ti ilé aṣòfin bẹ̀rẹ̀. Abala 121 sọ pé gómìnà ni yóò ṣe ìṣirò owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde, tí yóò gbé e wá síwájú ilé. Nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, iléeṣẹ́ ètò ìṣúná máa ń kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ wá. Iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde á kọ tirẹ̀, ti ètò ìlera á kọ tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á ju owó tó wà lọ, wọ́n á gé e, wọ́n á tún gé e. Ìgbà tí gómìnà bá máa fi gbé e dé iwájú ilé, oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ti dé, wọ́n sì fẹ́ kó di òfin kí ọdún tó parí.

Ibẹ̀ wá ni iṣẹ́ aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀. Ilé á pín ìwé náà láàárín àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan á pe kọmíṣọ́nnà tó kàn án wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Èló lẹ rí gbà lọ́dún yìí? Kí lẹ fi ṣe? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè ju ti èṣí lọ? Mo ti jókòó sẹ́yìn kọmíṣọ́nnà nírú ìjókòó bẹ́ẹ̀, fáìlì lórí itan. Aṣòfin tó mọṣẹ́ á fi ìka lé iye kan lójú ìwé, á ní, "Ẹ bá mi túmọ̀ èyí," òógùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀gá wa. Èyí tí kò ka ìwé wá á béèrè bóyá àyè iṣẹ́ wà fún ọmọ àbúrò òun.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá dúró di oṣù kọkànlá kẹ́ ẹ tó pariwo afárá, ẹ ti pẹ́. Oṣù keje ni kí lẹ́tà yín ti wà ní iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ aṣòfin. Ìjọba Ògùn máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú aráàlú lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó kọ ọ́. Ta ló lọ láti àdúgbò yín?

Ẹ̀kejì, bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Àṣẹ láti náwó ni. Ti Ògùn fún 2025, ₦1.054 tírílíọ̀nù ni. Kò túmọ̀ sí pé iye yẹn wà nínú àpótí kan ní Abẹ́òkúta. Ohun tí wọ́n lérò pé yóò wọlé ni. Tí kò bá wọlé tó, owó oṣù àti gbèsè ni wọ́n á kọ́kọ́ san. Irú afárá yín ló máa ń sùn síta.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Mo kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn pé nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ tí gómìnà bá ti gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá. Mo bá aṣòfin kan ṣiṣẹ́ fún sáà kan, ojú mi ló ṣe. Ilé láṣẹ láti gé, ó láṣẹ láti fi kún un, ó sì lè yọ owó níbì kan fi síbòmíràn. Ẹ wo Èkó: Gómìnà Sanwó-Olú gbé ₦3.005 tírílíọ̀nù lọ sílé ní oṣù kọkànlá 2024. Nígbà tí ilé parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ₦3.366 tírílíọ̀nù ló jáde. Ṣé ẹnì kan á sọ fún mi pé kò sí iṣẹ́ àdúgbò kankan tó wọ inú ìyẹn?

Àmọ́ Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká pa dà sórí "mo gbé àbá kalẹ̀" tó sọ fún yín. Ọ̀tọ̀ ni àbá, ọ̀tọ̀ ni àbádòfin, ọ̀tọ̀ sì ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí àbá ṣe ń lọ nìyí: aṣòfin á dìde, á ka ìwé rẹ̀ nípa ọmọ iléèwé àti tírélà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan á kín in lẹ́yìn, Abẹnugan á béèrè ta ló fara mọ́ ọn, wọ́n á hó "bẹ́ẹ̀ ni", òòlù á dún lórí tábìlì. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ilé rọ gómìnà kó pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà iṣẹ́ òde. Ó rọ̀ ọ́ ni o. Gómìnà lè gbọ́, ó sì lè fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Nítorí náà aṣòfin yín lè má purọ́ fún yín rárá, kó sì jẹ́ pé kò sí kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í: ṣé àbá ni, àbí ó wà nínú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀? Tó bá wà níbẹ̀, ojú ewé wo?

Lórí pé ó ná owó afárá: lọ́pọ̀ ìgbà, owó iṣẹ́ àkànṣe kì í gba ọwọ́ aṣòfin kọjá. Iléeṣẹ́ ìjọba ló ń gbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, òun náà ló sì ń sanwó.

Agbaṣẹ́ṣe Ìbílẹ̀

Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ló rí, Ọmọ Ọ́fíìsì. Lójú ayé ńkọ́? Èmi tí mò ń gba iṣẹ́ ìjọba jẹun, mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ rí "ọnọ́rébù tó ni iṣẹ́" kí n tó fọwọ́ síwèé. Owó lè má gba ọwọ́ rẹ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe máa ń gba ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi gbogbo ara wẹ̀ wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo tiẹ̀ bá wá. Akọ̀wé, odò tí ẹ̀ ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afárá kọ́ ló nílò. Box culvert ló nílò, àpótí kọnkéré tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá tí ọ̀nà sì gba orí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "afárá" sínú lẹ́tà, ọkàn ẹni tó ń kà á á lọ sórí òpó ńláńlá, owó tó máa lé e á wúwo, wọ́n á sì sọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ ní kí injinía kan bá yín wọn fífẹ̀ odò àti ibi gíga jù tí omi dé lásìkò òjò (ẹ máa rí àmì rẹ̀ lára ògiri ilé tó sún mọ́ ọn), kó ṣe ìṣirò ohun èlò àti iṣẹ́, kẹ́ ẹ so ó mọ́ lẹ́tà. Aṣòfin tó bá gbé ìwé tó ní iye owó nínú dé iwájú ìgbìmọ̀ rí ohun tó máa dì mú. Èyí tó dé pẹ̀lú "àwọn ènìyàn mi ń jìyà" á bá ogún irú rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́yà Yewa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Díẹ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀, pípe aṣòfin padà wálé wà nínú òfin lóòótọ́, abala 110. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí iye tó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà fọwọ́ síwèé, kí àjọ INEC yẹ ẹ́ wò, kí wọ́n tún wá ṣètò ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Wàhálà àti owó tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀ kàn lè kọ́ culvert yẹn.

Ẹ bi ara yín pé ta ló ni ọ̀nà náà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, ti ìpínlẹ̀ ni, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀? Àtẹ kẹrin ìwé òfin ka ọ̀nà, òpópónà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ó fi kún un pé bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀nà inú àdúgbò, ọ̀dọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀ yín ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Kí alága yín má fi gómìnà ṣe àwáwí fún yín.

Bàbá Fẹ̀yìntì sọ pé wọ́n fẹ́ kí bọ́jẹ́ẹ̀tì di òfin kí ọdún tó parí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba ò ní kú o. Abala 122 gba gómìnà láyè láti máa náwó fún oṣù mẹ́fà sí i, kó má ṣáà ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo sọ èyí torí àwọn aṣòfin kan máa ń ní kí wọ́n má da àwọn láàmú, pé ìlú á dúró táwọn bá fẹ́ fara balẹ̀ ka ìwé. Kò sí ohun tó máa dúró. Tí gómìnà bá sì kọ̀ láti buwọ́ lu ohun tí ilé fi ránṣẹ́ sí i láàárín 30 ọjọ́, abala 100 ní tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé bá tún fọwọ́ sí i, ó ti dòfin nìyẹn. Aṣòfin 26 ló wà nílé Ògùn; 18 ni wọ́n nílò. Bóyá ẹ máa rí 18 tó láyà ni ìbéèrè.

Ó wá kan bàbá tó fẹ́ òfin ọmọ onílẹ̀. Bàbá, òfin ti wà! Ògùn ṣe òfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016 lábẹ́ Gómìnà Amósùn, Èkó náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún yẹn lábẹ́ Gómìnà Ambode. Ẹ má ní kí aṣòfin tún ṣe òmíràn. Inú wọn máa ń dùn sí irú ìbéèrè yẹn, torí àbádòfin tuntun rọrùn: wọ́n á ka àkòrí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á jiyàn nígbà kejì, ó wọ ìgbìmọ̀, wọ́n pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn, kíkà kẹta, fọ́tò, ó parí. Tí gómìnà bá fẹ́ nǹkan, kì í tiẹ̀ pẹ́. Ẹ rántí òfin Àmọ̀tẹ́kùn, bí àwọn ilé aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ní oṣù kẹta 2020. Ohun tó ṣòro ni kí wọ́n pa dà lọ wò bóyá òfin tó wà ń ṣiṣẹ́. Abala 128 fún ilé lágbára láti ṣèwádìí. Ẹ ní kó pe àwọn tó yẹ kí wọ́n mú òfin yẹn ṣẹ wá síwájú ìgbìmọ̀: ẹni mélòó ni wọ́n ti gbé dé ilé ẹjọ́ láti ìgbà tó ti wà?

Ìyá Ọlọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Abala yìí, abala yẹn, gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní ìpàdé.

Ọnọ́rébù á dé, ijó á kọ́kọ́ wà. Tí wọ́n bá ní ta ló ní ìbéèrè, ẹni àkọ́kọ́ á ní ọmọ òun fẹ́ lọ yunifásítì, kò sówó. Ẹnì kejì, ìyá òun kú, wọ́n ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹnì kẹta, kẹ̀kẹ́ Márúwá. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Òun náà á pín ìrẹsì, á pín ẹ̀rọ ìránṣọ, á pín ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó ti ná irú owó yẹn mọ̀ pé gbèsè kankan ò kù lọ́rùn òun.

Ní ọjà wa, a fòfin dè é lọ́dún kan pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọrọ ohun ara rẹ̀. A kọ nǹkan méjì péré sínú ìwé: tiransífọ́mà àti gọ́tà. Iyálọ́jà ló kà á sí i létí níṣojú gbogbo ayé. Ọnọ́rébù ní tiransífọ́mà kì í ṣe tòun, pé iléeṣẹ́ iná ni ká lọ bá, a sì bínú. Ṣùgbọ́n ó gbé ìwé gọ́tà yẹn lọ, ó mú òṣìṣẹ́ iṣẹ́ òde wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì dòní. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn, omi ò wọ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀

Màmá, ẹ̀rọ ìlọta yẹn, ṣé ẹ gba tiyín?

Ìyá Ọlọ́jà

Mo gbà á. Ó ti bàjẹ́.

Ará Maryland

Ẹ kú àárọ̀ láti òkè òkun. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìjà aṣòfin àti gómìnà lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti ilé nìkan. Ní ibí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò lè fi kọ́bọ̀ kún ohun tí gómìnà kọ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Gígé nìkan ni wọ́n lè gé e. Ọdún 2020 ni aráàlú dìbò láti yí ìyẹn pa dà, kí wọ́n lè máa fi kún ibì kan bí wọ́n bá ti yọ iye yẹn kúrò níbòmíràn, àṣẹ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2024. Ọjọ́ 90 péré ni wọ́n ń jókòó lọ́dún. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ àbádòfin, èmi tí n kò mọ ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n sì sọ tẹnu mi.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tiwa gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181, abala 104. Jíjókòó kọ́ ni ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni pé ẹni tí aṣòfin fẹ́ yẹ lọ́wọ́ wò náà ló ń di owó ilé aṣòfin mú. Ní 2018 ni wọ́n tún òfin ṣe pé kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Àwọn gómìnà ò ṣe é. Ààrẹ Buhari pàṣẹ ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé àṣẹ yẹn ní 2022. Láàárín ìyẹn, ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin káàkiri daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó tó oṣù méjì nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n ti géètì pa. Ẹ rò ó wò: aṣòfin tó ń dúró de gómìnà kó tó rí owó epo ọkọ̀, báwo ló ṣe máa bi kọmíṣọ́nnà gómìnà léèrè ọ̀rọ̀ tó le?

Bàbá Fẹ̀yìntì

Òótọ́ lọ́rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n lórí Èkó tó o fi ṣàpẹẹrẹ, Ọmọ Ọ́fíìsì, má jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn aṣòfin kàn jókòó, wọ́n sì fi afárá àti gọ́tà kún un. Tí irú àfikún ńlá bẹ́ẹ̀ bá máa wáyé, ilé àti àwọn ènìyàn gómìnà á ti jọ sọ ọ́, torí ẹni tó máa buwọ́ lù ú kọ́ ni wọ́n á fẹ́ bá jà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí aṣòfin dá fi kún un, tí iléeṣẹ́ kankan ò mọ̀ nípa rẹ̀, tí kò ní ìṣirò, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà nínú ìwé.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mo lọ wá ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì náà lórí ìkànnì ìjọba. Ìwé ńlá ni. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi tẹ orúkọ àdúgbò wa síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ó sì jáde!

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà gígùn kan ló ṣíwájú, kí wọ́n tó kọ ọ́ pé afárá àti culvert ní àwọn ìlú kan. Wọ́n to orúkọ ìlú mẹ́rin, tiwa ni ìkẹta. Iye owó kan ṣoṣo ló wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níwájú rẹ̀, òpó mẹ́ta: èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n ti ná títí di oṣù kẹsàn-án, àti ti ọdún yìí. Níbi èyí tí wọ́n ti ná, ìlà kékeré kan ni wọ́n fà síbẹ̀, báyìí: –. Ti ọdún yìí sì jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti èṣí, títí dórí kọ́bọ̀.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ìlà kékeré yẹn túmọ̀ sí pé wọn ò tíì ná kọ́bọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ sọ fún alága kó fọkàn balẹ̀, ìwé yẹn ò fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ owó afárá. Ẹ má lọ pe ènìyàn lólè ní gbangba lórí ìyẹn, ẹ máa pàdánù ìpàdé ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́.

Iye tó jọra títí dórí kọ́bọ̀ túmọ̀ sí pé ẹnì kan ní iléeṣẹ́ kàn da ìlà èṣí kọ ni. Kò sí ẹni tó tún un rò, bẹ́ẹ̀ símẹ́ǹtì àti irin ò dúró síbi tí wọ́n wà. Ìlú mẹ́rin lábẹ́ owó kan sì tún burú jù: tí owó bá jáde, ìlú tí ọnọ́rébù rẹ̀ bá lágbára jù ló máa kọ́kọ́ rí i. Ohun tẹ́ ẹ máa fẹ́ ni kí tiyín dá dúró ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye tí injinía yín bá kọ.

Ẹ tún wá ìròyìn ìnáwó olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ìjọba ń gbé sórí ìkànnì. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá nǹkan jáde lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀

Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ta la wá fẹ́ mú báyìí?

Lọ́yà Yewa

Ẹni tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó kọjá lórí ìlà yẹn lọ́dún méjì tí kò béèrè nǹkan kan. Ẹ bi aṣòfin yín pé: nígbà tí kọmíṣọ́nnà iṣẹ́ òde wá ṣàlàyé bọ́jẹ́ẹ̀tì tọdún yìí, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ rí ìlà kékeré yẹn? Kí lẹ sọ? Ó lè ní òun ò sí nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ òde. Ẹ ní ta ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ bá a sọ̀rọ̀? Tó bá ní òun á gbé àbá mìíràn kalẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kì í ṣe àbá lẹ̀ ń wá.

Tí iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ò bá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Agbaṣẹ́ṣe Ìbílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó lọ bá a, ẹ wá àwọn CDA ìlú mẹ́ta tó kù tó wà lórí ìlà yẹn. Ẹ jọ kọ̀wé. Tí ìkan nínú wọn bá bọ́ sí ẹkùn ìdìbò mìíràn, ó dára bẹ́ẹ̀, aṣòfin méjì á wá máa béèrè nǹkan kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi yín ja ara yín.

Akọ̀wé Àdúgbò

Mo mọ akọ̀wé ìkan nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Mo ti pè é, kò mọ̀ rárá pé orúkọ ìlú wọn wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbà láti fi páálí sílẹ̀ títí ìpàdé á fi parí, wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ò mọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: lẹ́tà tí a máa fún aṣòfin, ṣé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ká fi lé ní ìpàdé?

Ọmọ Ọ́fíìsì

Rárá o. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi lé ọnọ́rébù lọ́wọ́ láàárín èrò, àpò agbádá ló máa ń wọ̀, ẹni tó ń fọ agbádá ló sì máa ń rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́rin. Ọ̀kan fún un ní ìpàdé, kẹ́ ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó fún un. Ọ̀kan fún akọ̀wé àgbà ilé aṣòfin ní Òkè-Mọ́sàn, ẹ kọ orúkọ Abẹnugan sí i. Ọ̀kan fún iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde. Ìkẹrin ni tiyín: ibi tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dà dé, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín, kí wọ́n kọ déètì àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni lórí àga.